Ta Ni Oògùn Àwọn Ọmọ Wa Ń Wò Sàn?

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ òwò ni a mú wá lónìí. Ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá pé òwò kò kàn yín. Òwò kan wà tí wọ́n ń fi ìrora egungun àwọn ọmọ wa ṣe ní òkè òkun. Àwọn kan ti di olówó rẹpẹtẹ nídìí rẹ̀, wọ́n ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n sì ti bọ́ sí ìdí òwò mìíràn. Ọmọ tí egungun ń ro ṣì wà lórí ẹní.

Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni à ń sọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní sickle cell, tí àwa fúnra wa máa ń pè ní "SS". Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2006 pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí pẹ̀lú rẹ̀ lọ́dọọdún ní Nàìjíríà nìkan, àti pé nínú ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ló jẹ́ AS. Ìjọ wo ni kò sí? Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú àwọn ìjọ wa fi ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti bí ńkọ́? Ìwé jẹ́nótáìpù kì í wo ẹnikẹ́ni sàn.

Wọ́n á ní kí a fọkàn balẹ̀, pé ìmọ̀ ti dé, pé àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ní Amẹ́ríkà ti rí ojútùú rẹ̀. A ń gbọ́ ọ nínú rédíò, a sì ń kà á lórí fóònù. Ó yá, ẹ jẹ́ kí a yẹ òwò tó wà nídìí ojútùú náà wò.

Báyótẹ́ẹ̀kì ni wọ́n ń pe irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó ń fi ìmọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì àti jíìnì wá oògùn. Ẹlẹ́kọ ń jèrè lórí ẹ̀kọ tó tà. Òwò ti àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ báyótẹ́ẹ̀kì lè wà fún ọdún mẹ́wàá láìta oògùn ẹyọ kan. Kí ló wá ń tà? Ìrètí ló ń tà. Ó ń ta ìpín nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí à ń pè ní ṣíà, fún àwọn olówó. Bí ìròyìn ayọ̀ bá jáde láti ilé àyẹ̀wò, ṣíà á gbówó lórí. Bí ìròyìn bá burú, á já wálẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń retí kì í ṣe ọjọ́ tí aláìsàn yóò dìde lórí ibùsùn. Ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan yóò wá ra wọn lódindi ni wọ́n ń retí. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ ìkórè wọn.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀kan nínú wọn ṣe kórè. Global Blood Therapeutics ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ California. Ní 2015 ni ó gbé ṣíà rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé rà. Oògùn tó ń ṣe ń jẹ́ voxelotor, Oxbryta sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Oògùn fòníkú-fọ̀ladìde gan-an ni. Nígbà tí wọ́n ń dán an wò, ohun tí wọ́n yàn láti fi díwọ̀n àṣeyọrí rẹ̀ ni hemoglobin, ìyẹn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú àwọn tó lo ìwọ̀n oògùn tó pọ̀ jù, nǹkan bí 51 nínú 100 ni hemoglobin wọn gòkè dé ibi tí wọ́n fẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú hóró láti fi ṣe àfiwé, nǹkan bí 7 péré ni. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ti ìrora tó ń dá ọmọ wólẹ̀ lóru, tó ń gbé bàbá àti ìyá dé ilé ìwòsàn láìwọ bàtà, wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà.

Ẹ̀yin ìyá, kí ni ẹ̀ ń kà ní ilé yín? Ṣé hemoglobin ni, àbí iye òru tí ọmọ kò sùn?

Wọn kò ṣèèṣì yan hemoglobin. Òwò ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Hemoglobin yá ní kíkà, ìrora sì ń fẹ́ ọdún, ó ń fẹ́ ènìyàn púpọ̀, ó ń fẹ́ owó. Ẹni tó ń fi owó olówó ṣiṣẹ́ kò ní sùúrù ọdún púpọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, gbà á wọlé lọ́nà ìkánjú, pẹ̀lú àdéhùn pé kí ilé-iṣẹ́ náà mú ẹ̀rí síi wá lẹ́yìn náà. Iye tí wọ́n dá lé e jẹ́ nǹkan bí 125,000 dọ́là fún ẹnì kan lọ́dún kan.

Ní 2022 ni ọjọ́ ìkórè dé. Pfizer wá, ó sì ra ilé-iṣẹ́ náà ní nǹkan bí 5.4 bílíọ̀nù dọ́là. Dọ́là 68.50 ni wọ́n kà sílẹ̀ lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, owó gidi lọ́wọ́. Pfizer ń fọkàn sí i pé oògùn ilé-iṣẹ́ yìí yóò máa mú ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là wọlé lọ́dún tó bá yá.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 2024, Pfizer fúnra rẹ̀ kó oògùn náà kúrò ní gbogbo ọjà àgbáyé. Ó ní ohun tí àwọn ìdánwò ń sọ báyìí ni pé àǹfààní rẹ̀ kò ju ewu rẹ̀ lọ mọ́. Ìdánwò méjì ló dá ẹ̀rù sílẹ̀ jù. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọmọdé tí wọ́n wà nínú ewu àrùn rọpárọsẹ̀, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Gánà, Kẹ́ńyà, Íjíbítì àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ènìyàn mẹ́jọ ló kú nínú àwọn tó ń lo oògùn náà, méjì nínú àwọn tí kò lò ó. Èkejì jẹ́ ti àwọn tí egbò wà ní ẹsẹ̀ wọn, ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa ti gbé àìsàn yìí dé. Ènìyàn mẹ́jọ náà ló kú níbẹ̀.

A kò ní fi irọ́ jà fún òtítọ́. A kò sọ pé oògùn náà ló pa gbogbo wọn. Ibà wà nínú ohun tó pa àwọn kan, àìsàn yìí fúnra rẹ̀ sì ń pani. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò náà dáadáa. Àwọn tó ta ṣíà ní 2022 ti gba owó wọn, wọ́n ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n dá kọ́bọ̀ padà. Bí ẹ bá bi àwọn tó ń kọ́ni ní òwò, wọn yóò sọ fún yín pé ilé-iṣẹ́ náà ṣe dáadáa: ó wọ ọjà ṣíà, ó gba ìwé àṣẹ, ó ta ara rẹ̀ ní iye ńlá. Ní ti òwò, kò sí àbùkù. Lára àwọn tí ìdánwò wọn fi òtítọ́ hàn sì ni àwọn ọmọ wa wà, ní orílẹ̀-èdè tí òbí méló ló lè san 125,000 dọ́là?

Mo mọ ohun tí ẹnì kan yóò sọ. Yóò ní: "Ará, bí èrè kò bá sí, ta ni yóò wá oògùn? Owó ni wọ́n fi ń wá a, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sì ń dán wò ni kì í ṣiṣẹ́." Òótọ́ ni. Ẹni tó bá sọ pé oògùn ń hù lórí igi láìnáwó kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ìdajì ìtàn fún yín. Àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga náà kì í ṣe olówó ṣíà. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Boston rí i pé jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A ni ó ń pa irú hemoglobin tí ọmọ ń lò nínú oyún lẹ́nu mọ́, àti pé bí a bá dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ rere yóò tún máa jáde. Owó orí àwọn ará Amẹ́ríkà wà nínú iṣẹ́ yẹn. Lórí rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ méjì, Vertex àti CRISPR Therapeutics, kọ́ ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Casgevy lé. FDA gbà á wọlé ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2023. Iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà: 2.2 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹnì kan.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ìjọ ẹlẹ́gbẹ̀rún ènìyàn bá fẹ́ dáwó fún ọmọ kan ṣoṣo, ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan opó àti ọmọ ilé-ìwé, ni yóò mú 2,200 dọ́là wá. Ọmọ kan nìyẹn. Ọmọ kejì wà lórí àga tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí i gbà, nítorí láti oṣù kìíní 2025 ni ilé ìwòsàn ìjọba ní Ẹ́ńgílándì ti gbà láti fún ìwọ̀nba aláìsàn. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi ayọ̀ tiwọn bo ojú ara wa.

Ní ọjọ́ kan náà tí Casgevy wọlé, ìtọ́jú mìíràn wọlé, Lyfgenia ti ilé-iṣẹ́ bluebird bio. Iye tirẹ̀ jẹ́ 3.1 mílíọ̀nù dọ́là. Ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àní-àní pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́: nínú 32 tí wọ́n ṣírò, 28 ni kíráísìsì kò kọlù rárá láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kejìdínlógún lẹ́yìn ìtọ́jú. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣíà bluebird lọ́jọ́ tí ìròyìn yìí jáde? Ó já wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ní ìwé kan tó máa ń fún àwọn tó bá ṣe oògùn fún àwọn àìsàn ọmọdé kan. Ìwé náà ń jẹ́ kí FDA tètè yẹ oògùn mìíràn wò, ẹni tó bá ní in sì lè tà á fún ilé-iṣẹ́ mìíràn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là nígbà náà. Bluebird ti ń retí irú ìwé bẹ́ẹ̀. FDA kò fún un. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àwọn aláìsàn ń dúpẹ́, ọjà ń ṣọ̀fọ̀.

Kò sì tán síbẹ̀. Ní 2021, bluebird ti kó kúrò ní Yúróòpù nítorí pé Jámánì kọ iye tó ń béèrè lórí ìtọ́jú àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tí ṣíà rẹ̀ lápapọ̀ ti ju bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là lọ nígbà kan, ní oṣù kejì 2025, nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là ni àwọn tó rà á kọ́kọ́ gbà láti san.

Ẹ gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Oògùn tí wọ́n kó kúrò lọ́jà sọ àwọn tó ni í di ọlọ́rọ̀. Ìtọ́jú tó ran aláìsàn lọ́wọ́ sọ ilé-iṣẹ́ tó ni í di ohun tí wọ́n ń ṣẹ́ owó rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èrè ilé-iṣẹ́ àti ìwòsàn ọmọ jọ ń rìn lójú ọ̀nà kan náà, ẹ ní kó ṣàlàyé èyí.

Ẹ má sì rò pé òkè òkun nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ tiwa náà ti jẹ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti gbàgbé. Láyé ọdún 1990 sí 1995, Rẹ́fáríńdì P. O. Ogunyale, ọmọ Yorùbá tó ń fi ewé àti egbò tọ́jú aláìsàn, gbé ohun tó mọ̀ lọ sí ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, NIPRD. Kò fi pamọ́ bí àwọn kan ti máa ń ṣe. Iyèré wà níbẹ̀, osùn wà níbẹ̀, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní NIPRD, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe jẹ́ olórí wọn, sọ ọ́ di kápúsù, wọ́n pè é ní Niprisan. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 82, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 2001 pé ìrora líle dín kù. Ẹ kíyè sí i, ìrora ni wọ́n kà. Àwọn mìíràn tó yẹ iṣẹ́ náà wò ní ó dára, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìdánwò síi.

Ta ni wọ́n fi ìwé àṣẹ rẹ̀ lé lọ́wọ́? Ní 2002, Xechem, ilé-iṣẹ́ báyótẹ́ẹ̀kì kékeré kan láti New Jersey ní Amẹ́ríkà. Xechem yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nicosan, ó kọ́ ilé-iṣẹ́ sí Ṣẹdá ní ẹ̀bá Àbújá, NAFDAC fọwọ́ sí i, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì ṣí i ní oṣù keje 2006. Ìlú jó. Àwọn òbí tò láti rà á. Ṣùgbọ́n Xechem kò lówó lọ́wọ́. Gbèsè ló fi ń mí, títà ṣíà ló fi ń jẹun, àwọn olórí rẹ̀ sì ń bá ara wọn jà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ó wọ ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ó ní òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Oògùn dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń lò ó wá a títí, kò rí i. Ewé wa kò tán nínú igbó. Ìmọ̀ wà ní Àbújá, ilé-iṣẹ́ wà ní Ṣẹdá, aláìsàn kún ìgboro. Ohun tó sọ oògùn náà di àwátì ni ìwé ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ kan ní New Jersey. Ìjọba tó kó ohun tí wọ́n fún un lé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ẹ̀bi tirẹ̀ láti jẹ́.

Kí wá ni ọmọ lè rí lò lónìí? Ohun tó ń mú mi bínú jù nìyí, nítorí ó wà. Oògùn kan ń jẹ́ hydroxyurea. Ó ti pẹ́. FDA ti gbà á fún àìsàn yìí láti 1998. Kò sí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ni í mọ́, ìdí sì nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́ ariwo rẹ̀ lọ́jà ṣíà: kò sí ẹni tí yóò di bílíọ̀nìà lórí rẹ̀. Ní Kano àti Kàdúná, wọ́n lò ó fún 220 ọmọ tí ewu rọpárọsẹ̀ wà lórí wọn, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ ní 2022: ìwọ̀n kékeré rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó ju ú lọ ní dídáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀. Ìwọ̀n kékeré túmọ̀ sí owó kékeré. Ibo ni wọ́n ti ṣe kápúsù tí wọ́n lò níbẹ̀? Ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ní ilé-iṣẹ́ Bond Chemical. Awẹ́ tí ẹ mọ̀ yìí ni o, kì í ṣe California. Ilé-iṣẹ́ tó ń jèrè lórí ohun tí aláìsàn rà, bí ẹlẹ́kọ. A kò bínú sí irú èrè bẹ́ẹ̀.

Pẹnisílíìnì náà wà. Láti 1986 ni ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé ọmọ SS tó ń lo pẹnisílíìnì lójoojúmọ́ ní kékeré kì í sábà kó àrùn tó máa ń yára pani, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìdánwò náà dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọmọ tó jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ti tó. Ní Ẹ́ńgílándì, gbogbo ọmọ tuntun ni wọ́n ń yọ ọ́ lára wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ títí ọwọ́ ọmọ yóò fi wú, tí àwọn ará ilé yóò sì ti máa dárúkọ àjẹ́ àti àbíkú. Ọmọ mìíràn kì í dúró di ìgbà náà.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ bá dé sínú ilé yín, ẹ béèrè àyẹ̀wò yìí kí ìyá àti ọmọ tó kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí. Bí wọ́n bá ní kò sí níbẹ̀, ẹ béèrè ibi tó wà. Bí ọmọ bá ti jẹ́ SS, tí fólíìkì àti palúdírìn nìkan ni wọ́n ń kọ fún un lọ́dọọdún, ẹ bi dókítà nípa hydroxyurea. Ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́mísìtì, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bó ṣe ń lò ó. Nígbà tí àwọn tó ń wá ìbò bá sì dé iwájú ìjọ, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ bi wọ́n ní gbangba iye ilé ìwòsàn ìjọba ní agbègbè wọn tó ń ṣe àyẹ̀wò gìgísẹ̀, àti iye tí wọ́n ń ta hydroxyurea níbẹ̀.

Ó ku ti àwọn tó ń gbé ìwé ìdánwò oògùn wá. Wọn yóò tún wá, nítorí ibi tí aláìsàn pọ̀ sí ni wọ́n ti ń dán oògùn wò. A kò ní kí ẹ lé wọn. Láìsí ìdánwò, Pfizer kì bá tí mọ ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá tàbí ìyá tó fọwọ́ sí i, ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà sí yín létí ní èdè tí ẹ gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kà lára ọmọ yìí, ṣé ìrora rẹ̀ ni àbí nǹkan mìíràn? Bí ọmọ bá kó ibà ní òru, ta ni a ó pè, ta ni yóò san owó rẹ̀? Bí oògùn náà bá ṣiṣẹ́, ṣé ọmọ yìí yóò máa rí i gbà lẹ́yìn ìdánwò, àti ní iye wo? Bí wọ́n bá sì ta ilé-iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, ṣé ẹni tó rà á yóò mú àdéhùn yìí ṣẹ? Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà kan mú lọ sílé.